Ojú-ewé tó ń fi ipá gbé wa lọ: ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn fóònù wa

  

Ọ̀rọ̀ olè la fẹ́ sọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe olè tó ń já ṣọ́ọ̀bù lóru. Èyí tó wà nínú fóònù ni. Ó ti tó ìpàdé mẹ́ta báyìí tí ẹjọ́ kan náà ń wá sílé ẹgbẹ́. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là, bí òun ṣe tẹ ibẹ̀ báyìí, ibòmíràn ló ṣí. Ẹlòmíràn á ní ìwàásù lòun fẹ́ gbọ́, àfi bí ojú fóònù ṣe yí padà tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fóònù òun ní fáírọ́ọ̀sì márùn-ún, kí òun tètè tẹ ibí. Wọ́n sọ fún ẹlòmíràn pé ó ti jẹ iPhone. Àwọn míì kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n kàn ń dojú bolẹ̀ ni.

Àwọn kan ti ní kí a pa fóònù ńlá tì, ká padà sí fóònù tọ́ọ̀ṣì. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó bébà ṣọ̀wọ́n, tí oníbàárà ń dúró níwájú wa láìsí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó lè gba tiráńsífà ló rí ọjà tà. Láti ìgbà náà, fóònù ti di àpò owó wa. Eku kì í torí pé ó wọ inú àká kí á wá dáná sun àká. Ilẹ̀kùn àká la máa ń tì.

Ohun tí a fẹ́ sọ nìyẹn. Ilẹ̀kùn wà lára fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin fúnra yín lẹ lè tì í, kò gba owó ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn nìkan kò tó o, ọwọ́ tiwa náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń tẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE RÍ

Ṣebí ẹ mọ àwọn ọmọ tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Oníbàárà ń bọ̀ wá ra aṣọ lọ́dọ̀ yín, ó mọ ṣọ́ọ̀bù yín dáadáa. Wọ́n á gbá a lọ́wọ́ mú, "Àǹtí, ẹ wá síbí, ó wà níbí," wọ́n á wọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn á sì fún wọn ní nǹkan lórí rẹ̀. A mọ ìjà tí ìyẹn ti dá sílẹ̀ nínú ọjà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń fún yín ní orin àti fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe Bàbá Kérésì, òun náà ń jẹun. Ó ya àyè sọ́tọ̀ lójú-ewé rẹ̀ fún ìpolówó, ó tà á fún alárobọ̀, alárobọ̀ tà á fún alárobọ̀ míì, títí tó fi dé ọwọ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹni ìkẹyìn yẹn lè wá fi ohun kan pamọ́ sínú ìpolówó náà, tó jẹ́ pé bí ojú-ewé bá ṣe ń ṣí, yóò gbé yín kúrò níbi tí ẹ wà lọ sí ibi tí ẹ kò dágbére. Iye orí ènìyàn tó bá wọ́ lọ ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Ìdí nìyẹn tó fi lè ṣẹlẹ̀ kódà lójú-ewé ìwé ìròyìn tó lórúkọ. Ẹni tó ni ojú-ewé lè má mọ ohun tí alárobọ̀ kẹta gbé wọlé.

Ẹjọ́ yìí pọ̀ káàkiri ayé, kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Google tó ni Chrome kéde pé àwọn yóò dí ọ̀nà yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Chrome 64 tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2018. Òfin tí wọ́n fi sí i ni pé ìpolówó tó jókòó sínú ojú-ewé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ gbé ojú-ewé náà lọ síbòmíràn, bí ẹni tó ni fóònù kò bá fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìparí yẹn lẹ́ẹ̀kejì: bí ẹni tó ni fóònù kò bá fọwọ́ kàn án. Fóònù ka ìtẹ̀ka yín sí àṣẹ. Bí ẹ bá ti tẹ nǹkan, ó gbà pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ. Nítorí náà, ọwọ́ wa ni àwọn olè yìí ń wá kiri. Wọ́n á ya àmì X tí kì í ṣe X, kí ẹ lè rò pé ẹ ń ti ìpolówó pa. Wọ́n á kọ "Play" gàdàgbà sórí àwòrán, kí ẹ lè rò pé fíìmù ni. Wọ́n á kọ "Allow" síbẹ̀, wọ́n á ní àìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kò ní rí ohun tí ẹ ń wá.

OHUN TÍ WỌ́N Ń KÓ LỌ

Èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ ni owó káàdì. Ojú-ewé wà tó jẹ́ pé ìtẹ̀ka kan tàbí méjì á sọ yín di oníbàárà ohun tí ẹ kò bèèrè, orin ni o, ìròyìn bọ́ọ̀lù ni o. Owó á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lára káàdì. Ẹ̀yin á máa rò pé ilé iṣẹ́ fóònù ló ń jà yín lólè. Ìyá aláta kan nínú wa ń ra káàdì láàárọ̀, ó fi máa di ọ̀sán kò kù tó èyí tí yóò fi pe ọmọ rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀lé e ni áàpù burúkú. Wọ́n á ní fóònù yín ní fáírọ́ọ̀sì, kí ẹ gba oògùn rẹ̀ síbí. Oògùn yẹn gan-an ni àìsàn. Ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kankan kò lè wo inú fóònù yín kó sì ka fáírọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Irọ́ ni, bí ẹni tó dúró níta tó ń sọ iye ìkòkò tó wà nínú ilé ìdáná yín.

Èyí tó burú jù ni owó báńkì. Wọ́n á gbé yín lọ síbi tó jọ ojú-ewé báńkì yín tàbí ti ìjọba, wọ́n á ní kí ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì, BVN, nọ́ńbà tó wà lójú káàdì ATM, àti PIN. Ẹ rántí pé ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ yá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní 10,000 náírà láìgba ohun ìdúró, èyí tí wọ́n pè ní TraderMoni. Òótọ́ ni ìyẹn ṣẹlẹ̀. Àwọn aṣojú ló ń wọ inú ọjà wá kọ orúkọ. Òótọ́ yẹn ni àwọn olè fi ń bo irọ́ tiwọn. Bí líǹkì bá dé lórí WhatsApp lónìí pé ìjọba ń pín owó fún ìyá ọlọ́jà, ọkàn á ní ṣebí wọ́n ti pín in rí. Bí wọ́n ṣe ń mú ẹja nìyẹn, ohun tó máa ń jẹ ni wọ́n fi sẹ́nu ìwọ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe owó ẹnì kan ló wà nínú fóònù ẹnì kan. Ẹni tó ń gba àjọ fún ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí wọ́n bá wọ àkáǹtì rẹ̀, ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa sunkún. Ìdí tí a kò fi lè sọ pé ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni nìyẹn.

BÍ A ṢE Ń TI ILẸ̀KÙN

Èdè òyìnbó ló wà lójú fóònù, ṣùgbọ́n kí ìyẹn má bà yín lẹ́rù. Ìwé mẹ́fà ni èmi tí mò ń kọ èyí kà, mo sì ṣe é. Ẹ mú ìwé yìí dání, kí ẹ wo lẹ́tà tó jọra. Ti fóònù Android tó ń lo Chrome la kọ síbí, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù láàárín wa.

Èkíní: Ẹ ṣí Chrome. Ẹ wo òkè lápá ọ̀tún, ẹ ó rí àmì kékeré mẹ́ta tó tò lé ara wọn bí ẹ̀wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá "Settings" níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí "Site settings", ẹ tẹ ìyẹn náà. Ẹ wá "Pop-ups and redirects". Swíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀. Pípa ló yẹ kó wà, kì í ṣe títàn. Bí ẹ bá bá a ní títàn, ẹ pa á. Bí ẹ bá sì rí orúkọ ojú-ewé kan lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnì kan ti fún láyè, ẹ tẹ orúkọ náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Èkejì: Ẹ padà sí "Site settings" yẹn kan náà, ẹ wá "Notifications". Ibẹ̀ ni àwọn tí a ti tẹ "Allow" fún rí máa ń jókòó sí. Àwọn ló ń ju ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì àti ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe sójú fóònù lóru, nígbà tí ẹ kò tilẹ̀ ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ orúkọ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ pa tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì nínú ọjà wa, ibẹ̀ yẹn ló ti ń wá.

Ẹ̀kẹta: Ẹ padà sí "Settings", ẹ tẹ "Privacy and security", ẹ wá "Safe Browsing". Bí ẹ bá rí i pé "No protection" ni wọ́n fàmì sí, ẹ yí i padà sí "Standard protection". Ẹni tó bá yan "Enhanced protection" kò ṣe àṣìṣe. Aṣọ́de ni ìyẹn, òun ló máa ń kìlọ̀ pé ibi tí ẹ ń lọ kò dára.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán róbótó tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wá "Play Protect", ẹ tẹ "Scan". Òun ni yóò yẹ àwọn áàpù inú fóònù wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn áàpù tó wà lójú fóònù yín. Èyí tó wọlé láìpẹ́ yìí, tí ẹ kò mọ ẹni tó gbé e wá, ẹ yọ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ jẹ́ kí Chrome yín jẹ́ tuntun. Nínú Play Store náà, ẹ kọ Chrome síbi ìwákiri. Bí ẹ bá rí "Update", ẹ tẹ̀ ẹ́. Òfin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú Chrome àtijọ́.

Ẹni tó ń lo iPhone, kó lọ sí "Settings", kó wá "Safari". Nínú iPhone tuntun, abẹ́ "Apps" ni wọ́n fi í sí. Kó tan "Block Pop-ups" àti "Fraudulent Website Warning". Tiwọn yàtọ̀ sí ti Android o, títàn ni tiwọn ń wà. Ẹni tó ń lo Opera Mini náà, ibi tí wọ́n ti ń dènà ìpolówó wà nínú "Settings" tirẹ̀.

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tí a kò pè: ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Àjọ NCC tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù ló ní kí gbogbo wọn máa gba nọ́ńbà yìí láti ọdún 2016, láti dá àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò pè dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín dé, ẹ fi STATUS ránṣẹ́ síbẹ̀ kan náà. Ẹni tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì náà lè ṣe èyí.

IBI TÍ ILẸ̀KÙN KÒ DÉ

A kò fẹ́ tàn yín. Ẹ lè ṣe gbogbo èyí kó sì tún ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ líǹkì, Chrome á ní ẹ̀yin lẹ fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Facebook, inú ara rẹ̀ ló ti máa ń ṣí ojú-ewé, ilẹ̀kùn tí ẹ tì fún Chrome kò sí lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gbé yín lọ, ẹ má tẹ ohunkóhun lójú-ewé náà, ìbáà jẹ́ X, ìbáà jẹ́ "Cancel". Ẹ kọ́kọ́ pa dátà. Lẹ́yìn náà ẹ wo òkè Chrome, àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ojú-ewé tó ṣí á tò sílẹ̀. Ẹ ti èyí tí ẹ kò mọ̀ pa, tàbí kí ẹ ti gbogbo wọn pa. Kò sí ohun tí yóò bàjẹ́.

Bí ẹ bá sì ti kọ PIN tàbí nọ́ńbà káàdì síbẹ̀, ẹ má dúró ronú. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín, kí wọ́n ti káàdì náà pa, kí ẹ sì wọ báńkì lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má pe nọ́ńbà báńkì tí ẹ rí lójú-ewé tó gbé yín lọ o. Olè náà ló máa gbé e.

Ẹ MÁ FI ÌTÌJÚ PA Á MỌ́RA

Ìyá kan nínú wa rí àwòrán ìhòòhò lójú fóònù tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ó lu ọmọ náà títí aládùúgbò fi gbà á sílẹ̀. Ọmọ ń sunkún pé òun kọ́, kò gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ kan, àwòrán náà yọ sí i. Ìgbà yẹn ló gbé fóònù wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Nígbà tí a ṣí "Notifications" rẹ̀, orúkọ tí a bá níbẹ̀ ju ogún lọ. Ó ti lọ bẹ ọmọ rẹ̀, a dúpẹ́.

Mélòó nínú wa ló rí irú nǹkan báyìí tí kò sọ? Ẹ̀rù ń bà wá pé wọ́n á ní àgbàlagbà bí èyí, kí ló ń wá kiri? Ọkọ á ní kí ni mo rí yìí? Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. A wá dákẹ́. Tàbí a gbé fóònù lọ fún ọmọ tó ń ṣe fóònù lẹ́nu ọ̀nà, a ṣí i sílẹ̀ fún un pẹ̀lú áàpù báńkì nínú rẹ̀, a sanwó fún un kó fi ìṣẹ́jú méjì pa swíìṣì kan. Ìdákẹ́ yẹn ni olè ń jẹ. Kì í ṣe ìwà yín ló gbé àwòrán náà wá. Ẹni tí wọ́n wọ́ láṣọ lọ́nà ọjà kọ́ ló yẹ kó tijú.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ FẸ́ ṢE

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò sí i pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Kí oníkálukú mú fóònù rẹ̀ wá, kó gbà á ní iná kún. Àwọn ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n á dúró ti àwọn ìyá, wọ́n á fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni fóònù ni yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bèèrè PIN, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbowó.

Èkejì, láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi líǹkì ẹ̀yáwó tàbí owó ìjọba sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kí ọ́fíìsì tó yẹ̀ ẹ́ wò. A mọ̀ pé inú rere ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é, pé kí ti ẹnìkejì náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín, yín ló gbà gbọ́, kò mọ olè tó wà lẹ́yìn yín.

A ti fi òfin dá àwọn tó ń wọ́ oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ọjà lẹ́kun, ọjà wa sì rọgbọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún fóònù. Ẹni tó bá ti ti tirẹ̀, kó ran ìyá tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ ìpàdé.

Olúwa á bá wa ṣọ́ ohun tí a ṣiṣẹ́ fún. Ọjà á máa tà o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́